Tí Ìhàlẹ̀ Bá Dé Orí Fóònù Rẹ

Àbúrò mi, mo mọ bó ṣe máa ń rí. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí fóònù á ti dún. Ẹni tí o kò mọ̀ rí á pè ọ́ lórúkọ àbísọ, á ní tí owó tí o yá kò bá wọlé kí aago méjìlá tó lù, òun á fi àwòrán rẹ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù rẹ, pé olè ni ọ́. Kí o tó mọ ohun tí o máa sọ, pásítọ̀ yín ti rí i, ìyá ọkọ rẹ ti rí i, oníbàárà tó fẹ́ ra léèsì lọ́wọ́ rẹ náà ti rí i. Ikú yá ju ẹ̀sín, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń yáni lówó lórí áàpù yìí sì mọ̀ ọ́n dunjú. Jọ̀ọ́, má fi òwe yẹn gba ara rẹ nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ gbèsè.

Àwọn kan á ní kí o ṣáà ní ìgbàgbọ́, wọ́n á sì kọjá lọ. Èmi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ. Ṣí Bíbélì rẹ sí Àwọn Ọba Kejì, orí 18 àti 19. N kò mọ ibòmíràn nínú Bíbélì tí ìhàlẹ̀ ti jọ ti ayé ìsinsìnyí tó bẹ́ẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 701 ṣáájú ìbí Krístì, Senakéríbù ọba Ásíríà kógun wọ Júdà. Kì í ṣe ogun ẹnu. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ àwòrán bí òun ṣe ṣẹ́gun ìlú Lákíṣì ní Júdà sára òkúta, ó sì fi wọ́n lẹ ara ògiri ààfin rẹ̀ ní Nínéfè; wọ́n ti wà ní British Museum ní London báyìí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wó odi wà níbẹ̀, àwọn ọkùnrin tí wọ́n fi igi gún wà níbẹ̀, obìnrin àti ọmọdé tó ń di ẹrù jáde nílùú náà wà níbẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ tirẹ̀, ó yangàn pé ìlú olódi 46 lòun gbà. Nígbà tí Hesekáyà ọba Júdà gbọ́ ohun tí àwọn ìránṣẹ́ Senakéríbù wá sọ, ó fa aṣọ rẹ̀ ya. Ẹ̀rù bà á. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ pé ẹni tí àyà rẹ̀ já kò nígbàgbọ́.

Hesekáyà sì ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti sanwó. Wọ́n bù ú ní 300 tálẹ́ǹtì fàdákà àti 30 tálẹ́ǹtì wúrà. Ó kó fàdákà ilé Olúwa, ó bó wúrà ara ilẹ̀kùn tẹ́ńpìlì, ó san án, ogun tún dé. Ẹni tó ń jẹun lórí ẹ̀rù rẹ kì í yó. Tí o bá jẹ gbèsè lóòótọ́, san án bó ti wù kó kéré tó, ṣùgbọ́n má lọ yá ti áàpù kejì láti fi pa ti àkọ́kọ́ lẹ́nu mọ́.

Rábúṣákè, agbẹnusọ Senakéríbù, wá dúró lẹ́yìn odi Jerúsálẹ́mù. Àwọn ìjòyè Hesekáyà bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó máa sọ èdè Árámù, àwọn gbọ́ ọ, kó má sọ èdè Júù létí àwọn tó wà lórí odi. Ńṣe ló túbọ̀ gbóhùn sókè. Ó pa ọba tì, àwọn ará ìlú ló ń bá wí, lédè abínibí wọn. Ó tiẹ̀ ní Ọlọ́run ló rán òun. Ohun tí àwọn ayánilówó orí fóònù ń ṣe náà nìyẹn tí wọ́n bá fi ọ́ sílẹ̀ tí wọ́n lọ ń kọ̀wé sí ìyá ọkọ rẹ. Wọn kì í wá owó lọ́wọ́ màmá. Ariwo màmá ni wọ́n ń wá.

Àwọn ará ìlú dákẹ́, torí ọba ti kìlọ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n má dá a lóhùn. Ìwọ náà, tètè kìlọ̀ fún àwọn èèyàn rẹ. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, mo jẹ gbèsè kan, mo sì ń san án díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ kankan lórí WhatsApp, ẹ má dá wọn lóhùn." Mo mọ̀ pé ó le, ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ lórí ìkúnlẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí fóònù ni. Àmọ́ tí màmá bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ tú fó? Àwọn ayánilówó náà fúnra wọn ńkọ́? Má bá wọn jà lóru. Èsì tí o bá fi ìbínú kọ, wọ́n á fi kún ohun tí wọ́n ń gbé kiri.

Lẹ́yìn ariwo Rábúṣákè ni lẹ́tà ìhàlẹ̀ Senakéríbù dé. Hesekáyà gbà á, ó kà á, ó gòkè lọ sí ilé Olúwa, ó sì tẹ́ ẹ síwájú Olúwa. Kò ya á. Nínú àdúrà rẹ̀, ó gbà pé lóòótọ́ ni àwọn ọba Ásíríà ti pa àwọn orílẹ̀-èdè run. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbàdúrà bí ẹni pé tí a bá ti dárúkọ ìṣòro, ó ti di tiwa nìyẹn; "mo kọ̀ ọ́, kì í ṣe ìpín mi" la á máa wí ṣáá. Gbé fóònù yẹn sórí bẹ́ẹ̀dì, ṣí ọ̀rọ̀ náà, kúnlẹ̀ tì í. Ka iye owó náà sí Ọlọ́run létí, títí dórí èlé. Dárúkọ àwọn tí o kò fẹ́ kó gbọ́. Lẹ́yìn náà, pa dátà, kí o sùn.

Kò sí ibi tí a ti kà á pé wòlíì Àìsáyà gba owó kó tó jíṣẹ́ tí Ọlọ́run rán an sí ọba lẹ́yìn àdúrà náà. Wòlíì tó bá ní kí o mú owó àkànṣe wá lọ́sẹ̀ tí gbèsè ń lé ọ kiri, Rábúṣákè kejì ni, bó ti wù kí sùtánà rẹ̀ funfun tó.

Ohun tí àwọn oníwàásù kì í sábà dúró lé ni pé Hesekáyà tó gbàdúrà yìí náà ló gbẹ́ ihò omi gba abẹ́ ilẹ̀ wọ Jerúsálẹ́mù. Ó lé ní 500 mítà, èèyàn ṣì ń rìn nínú omi rẹ̀ dòní. Ìpẹ̀kun méjèèjì ni àwọn òṣìṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì pàdé lábẹ́ àpáta. Ọdún 1880 ni wọ́n rí àkọlé tó sọ nípa ìpàdé náà. Ihò tìrẹ nìyí: ya àwòrán gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí ọ, má pa á rẹ́. Wọ inú sẹ́tíìn fóònù rẹ, gba àyè tí o fún áàpù yẹn láti máa rí nọ́ńbà àwọn èèyàn rẹ padà. Láti ọdún 2022 ni FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, ti ní kí àwọn ayánilówó orí fóònù wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, kò sì fàyè gba kí wọ́n máa dójú ti èèyàn lọ́dọ̀ ojúlùmọ̀. Fi ẹ̀sùn náà ránṣẹ́ sí wọn.

Mi ò ní tàn ọ́: Jerúsálẹ́mù yè, ṣùgbọ́n Lákíṣì wó, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kò sí ẹni tó gbàdúrà ní Lákíṣì. Jerúsálẹ́mù tó yè pàápàá, kò rọrùn fún un kíá. Òru ọjọ́ kan ni ogun tú ká, bí Bíbélì ṣe wí, àmọ́ Àìsáyà ti sọ fún ọba pé ohun tó bá lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀ ni wọn yóò jẹ lọ́dún yẹn àti ọdún tó tẹ̀ lé e, ọdún kẹta ni wọn yóò tó gbìn, tí wọn yóò sì kórè. Nítorí náà, tí o bá san gbèsè yẹn tán, má retí pé ọjà á kún ṣọ́ọ̀bù rẹ lóṣù yẹn. Ra ìwọ̀nba léèsì tí owó ọwọ́ rẹ ká, tà á, má tà á láwìn, kí o sì pa áàpù yẹn rẹ́ kúrò lórí fóònù.