Èkó Ń Bọ̀ Lọ́nà: Ẹ̀kọ́ Jọ́gíráfì fún Àwa Ọmọ Ewékorò

Ẹ̀yin ará SS3 tí ẹ ń múra WAEC sílẹ̀, ẹ súnmọ́ tòsí dáadáa, torí ọ̀rọ̀ bí ìlú ńlá ṣe ń dàgbà kì í jìnnà sí ìbéèrè jọ́gíráfì. Ẹ̀yin JSS náà, ẹ má sá lọ o. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí gbogbo wa dúró lé lórí ni.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jọ dáhùn: ibo gan-an ni Èkó parí sí? Ọ̀pọ̀ nínú wa á sọ pé ibi tí wọ́n ri pátákó Ìpínlẹ̀ Ògùn mọ́ ni. Ìdáhùn yẹn dára fún gómìnà, ó sì dára fún àwọn agbowó orí. Ṣùgbọ́n nínú jọ́gíráfì, kò tó.

1. Ààlà ìjọba yàtọ̀ sí etí ìlú

Ìlú ńlá kì í dá gbé. Ó ní àárín, ó sì ní àwọn ìlú kéékèèké tó so mọ́ ọn yíká. Àwọn ìlú wọ̀nyí àti àárín náà la jọ ń kà pọ̀ bí ìlú ńlá kan. Ohun mẹ́ta la lè fi mọ̀ bóyá ìlú kan ti di ara ẹ̀. Àkọ́kọ́, ṣé àwọn ará ibẹ̀ ń jí lọ síṣẹ́ nínú ìlú ńlá láràárọ̀, tí wọ́n sì ń padà wá sùn lálẹ́? Èkejì, ṣé ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ so mọ́ ilé, tí oko ò fi bẹ́ẹ̀ sí láàárín mọ́? Ẹ̀kẹta, ṣé owó ilẹ̀ àti owó ilé ibẹ̀ ń lọ sókè nítorí ìlú ńlá? Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé ìlú ńlá ti dé ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ mìíràn ni.

Ẹ wá fi wo Àkúté, Alágbọ̀lé, Agbádó, Ìjòkò, Sángò-Ọ̀tà, Magbọ̀rọ̀, Ìbafò àti Mọ̀wé. Gbogbo wọn, Ìpínlẹ̀ Ògùn ni. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, èrò ti kún ibùdókọ̀ wọn, Èkó ni wọ́n sì ń lọ. Ògùn ni wọ́n ń sùn sí, Èkó ni wọ́n ti ń jẹun. Nítorí náà, Èkó ti kọjá pátákó yẹn tipẹ́tipẹ́.

2. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀?

Ẹ wo máàpù. Orí erékùṣù ni Èkó ti bẹ̀rẹ̀, láàárín ọ̀sà. Gúúsù ẹ̀, òkun ni. Bí ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tó lápapọ̀ kò ju nǹkan bíi 3,577 kìlómítà níbùú lóòró lọ, òun ló sì kéré jù nínú ìpínlẹ̀ 36 tó wà ní Nàìjíríà. Nínú ìyẹn náà, omi ló gba nǹkan bí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó kù, irà pọ̀ nínú ẹ̀.

Wàyí o, ẹ wo èèyàn. Ní 1866, ìlú Èkó ò ju nǹkan bí 25,000 èèyàn lọ. Nígbà tó fi máa di 1950, wọ́n ti tó 230,000. Ní 1963, wọ́n ti tó 665,000. Nínú ìkànìyàn 2006, Ìpínlẹ̀ Èkó lápapọ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 9, ìjọba Èkó sì jiyàn pé wọ́n pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ilẹ̀ ò pọ̀ sí i, èèyàn ń pọ̀ sí i. Wọ́n ń fi yanrìn dí omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó tabua ni wọ́n ń ná sí i, mẹ̀kúnnù ò lè ra ilẹ̀ ibẹ̀. Kí ló kù? Kí wọ́n máa bọ̀ sí ibi tí ilẹ̀ gbígbẹ wà ni, ìyẹn apá àríwá.

Ìlú ńlá kì í sì í rìn nínú igbó. Ojú ọ̀nà ló ń tẹ̀lé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ojú irin láti Ìddó ní 1896, ó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Ní 1978, wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ní 1990, wọ́n parí afárá Third Mainland tó gùn tó kìlómítà 11.8, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní erékùṣù sì wá lè máa gbé ibi tó jìnnà. Ọ̀nà kan ò wọjà: Èkó ń gba ọ̀nà Bàdágìrì lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ó ń gba Lẹ́kìí àti Ẹ̀pẹ́ lọ sí ìlà-oòrùn, ó ń gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ, ó sì ń gba ọ̀nà Abẹ́òkúta bọ̀ wá bá wa.

Ẹ bá mi ka ibùdókọ̀ lójú ọ̀nà tiwa yìí: Agége, Abúlé-Ẹ̀gbá, Alákùkọ, Sángò, Ìjàkọ, Ìyànà Ìlogbò, Ifọ̀, Pápáláńtò, Ewékorò, Ìtòrì, Wásinmi. Ẹ dúró díẹ̀ lórí Abúlé-Ẹ̀gbá. Orúkọ ẹ̀ fúnra ẹ̀ ń sọ pé abúlé ni, ó sì ń sọ àwọn tó ni ín. Ta ló tún ń pe ibẹ̀ ní abúlé lónìí? Agége náà, oko kòkó àti oko obì ló pọ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí Ìtòrì, ẹ wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí Agége.

3. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí

Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967, Ìkẹjà, Muṣin àti Agége ò sí lábẹ́ ìjọba ìlú Èkó. Abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni wọ́n wà, Ìbàdàn ni wọ́n sì ti ń ṣe ìjọba lé wọn lórí. Ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀, Èkó ni iṣẹ́ wọn wà. Ìdí nìyẹn tí 665,000 ti 1963 yẹn ò fi sọ gbogbo òótọ́: ìlú gangan ni wọ́n kà, wọn ò ka àwọn tó ń bá a jẹun láti ẹ̀yìn ààlà. Ní 1967, ìjọba ológun sún ààlà náà síwájú, àwọn ìlú wọ̀nyí sì wọ inú Ìpínlẹ̀ Èkó.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Ní 1965, wọ́n sún ààlà ìlú London náà, ó sì gbé èyí tó pọ̀ jù nínú Middlesex mì.

Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò sún ààlà kankan. Ìpínlẹ̀ Ògùn ti dá dúró láti ọjọ́ 3 oṣù kejì 1976, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ fi ilẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n wá ń ṣe ni pé kí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní 2021, ìjọba Èkó àti ti Ògùn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé àwọn á jọ máa mójú tó ìdàgbàsókè agbègbè méjèèjì. Ọdún yẹn náà ni ọkọ̀ ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ní ibùdó ní Pápáláńtò, tí wọ́n fi orúkọ Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti sọ. Ní oṣù kẹwàá 2024, ọkọ̀ ojú irin tí Ìpínlẹ̀ Èkó fúnra ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Agbádó lọ sí Oyíngbò. Agbádó yẹn, ẹnu ààlà ni.

4. Ohun tí Èkó ti gbà lọ́wọ́ wa

Kí Èkó fúnra ẹ̀ tó máa bọ̀, ohun ìní wa ti ń lọ bá a. Àkọ́kọ́ ni òkúta ẹfun. Òkúta ẹfun abẹ́ ilẹ̀ wa yìí ti wà láti nǹkan bí ọgọ́ta mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òkun bo ibí yìí mọ́lẹ̀. Karahun àwọn ẹ̀dá inú omi wà nínú ẹ̀ di òní. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sì ń fi orúkọ Ewékorò pe ìpele òkúta yẹn. Ní oṣù kejìlá 1960, oṣù méjì péré lẹ́yìn òmìnira, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí. Láti ìgbà náà ni tírélà ti ń gbé e lọ. Kò sẹ́ni tó lè sọ àpò tó wọ ilé wo, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń mọ bulọ́ọ̀kù l'Ékòó, ó ṣeé ṣe dáadáa pé ilẹ̀ wa wà nínú ẹ̀.

Ẹ fẹ́ mọ bí Èkó ṣe ń jẹ sìmẹ́ńtì tó? Ní 1975, ìjọba ológun paṣẹ́ sìmẹ́ńtì láti òkè òkun lọ́pọ̀ débi pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi tò sójú òkun, tí wọn ò ríbi já ẹrù sí ní èbúté Apápá.

Èkejì ni omi. Odò Ògùn ń ti agbègbè Ṣakí bọ̀, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì ń lọ dà sínú ọ̀sà Èkó. Dáàmù Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, ń fún Abẹ́òkúta àti Èkó lómi. Ní Ìju àti Adíyàn ni wọ́n ti ń fọ omi odò náà kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ l'Ékòó.

Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀ fúnra ẹ̀, òun ló sì kù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bèèrè lọ́wọ́ wa.

5. Ẹ jẹ́ ká ṣírò

Nínú ìkànìyàn 2006, Ìjọba Ìbílẹ̀ Ewékorò ní nǹkan bí 55,000 èèyàn lórí 594 kìlómítà níbùú lóòró. Ẹ pín in: èèyàn bíi 93 ló bọ́ sórí kìlómítà kan. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifọ̀ tó múlé gbè wá kéré sí tiwa ní ilẹ̀, 521 péré ni, ṣùgbọ́n èèyàn ibẹ̀ lé ní 520,000. Ẹ pín ìyẹn náà: bíi 1,000 ni. Ìpínlẹ̀ Èkó ń lọ sí bíi 2,500.

Ṣé ẹ rí i? Ojú ọ̀nà kan náà ló so Ifọ̀ pọ̀ mọ́ wa, síbẹ̀ ibẹ̀ fi ìlọ́po mẹ́wàá há jù wá lọ. Kì í ṣe pé ilẹ̀ wọn dára ju tiwa lọ. Wọ́n kàn wà lẹ́nu ààlà Èkó ni. Àyè tó ṣì wà lọ́wọ́ wa yìí, ẹ̀bùn àsìkò ni, kò sì ní pẹ́ títí.

6. Kí la máa wá ṣe?

Nílé tiwa, ọ̀rọ̀ yìí wà nílẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Àwọn bàbá wa ń jiyàn lórí oko ẹbí tó wà lójú ọ̀nà, bóyá kí wọ́n gé e sí pulọ́ọ̀tì kí wọ́n tà á, bóyá kí wọ́n fi sílẹ̀. Mi ò dá àwọn tó fẹ́ tà lẹ́bi. Owó ilé ìwé wà nínú ẹ̀, owó ilé ìwòsàn wà nínú ẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi bàbá mi lẹ́yìn ìpàdé: "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá tà á tán, ibo ni omi òjò máa gbà?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, a ò tíì dé ibẹ̀ yẹn."

Ibẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì wà. Ní ìlú tí kò bá sí ètò, ilé ló máa ń kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn ìgbà tí ilé bá kún ni wọ́n máa ń wá ọ̀nà, tí wọ́n á wá gọ́tà, tí wọ́n á wá ibi tí wọ́n máa kọ́ ilé ìwé sí. Nígbà yẹn, àfi kí wọ́n wó ilé onílé. Ẹ wo ìsàlẹ̀ odò Ògùn lápá Ìṣẹrì: nígbà òjò, tí wọ́n bá tún tú omi sílẹ̀ láti dáàmù Ọ̀yán, odò á kún wọ ilé. Ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀, àyè odò ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọ́lé síbẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ àárín Èkó ti wọ́n ju agbára wọn lọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ló yẹ kí ẹbí tó fẹ́ ta ilẹ̀ ṣe kí wọ́n tó gba owó. Kí wọ́n pe sọ̀féyọ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí, kó ya ọ̀nà tó gbòòrò jáde lákọ̀ọ́kọ́. Kí wọ́n fi ojú omi sílẹ̀ fún omi. Kí wọ́n yọ àyè ilé ìwé àti ọjà sọ́tọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ fún oko, torí àwọn tó ń bọ̀ wá gbé níbí máa jẹun, kò sì sí ohun tó dùn tó kéèyàn ta ẹ̀fọ́ àti ẹ̀gẹ́ fún ẹni tó múlé gbè é. Ẹ rántí pé ibi tí wọ́n bá ti wa òkúta ẹfun kúrò, òkúta míì ò ní hù níbẹ̀. Ilẹ̀ tí a bá tà náà, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Èkó ń bọ̀, a ò lè lé e padà, kò sì pọn dandan ká lé e. Iṣẹ́ ń bá a bọ̀, ọjà ń bá a bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó bá ọ̀nà àti gọ́tà nílẹ̀ kó tó wọlé.

Iṣẹ́ ṣíṣe: (1) Dárúkọ ohun mẹ́ta tí a fi ń mọ̀ pé ìlú kan ti di ara ìlú ńlá. (2) Kí ló fà á tí Èkó fi ń dàgbà sí apá àríwá ju gúúsù lọ? (3) Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà méjì ládùúgbò yín ibi tí omi òjò máa ń gbà nígbà èwe wọn, kí ẹ ya á sórí máàpù, kí ẹ sì mú un wá fún ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn wa. A máa lẹ èyí tó dára jù mọ́ ibí yìí.