Pósítà fíìmù àtijọ́ ti dọjà: Ohun tó yẹ kí oníṣòwò kékeré mọ̀ kó tó kówó lé e

Bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri láyé ọjọ́un, tí òjò ń pa, tí ewúrẹ́ ń fà ya, ti di ohun táwọn kan ń fowó gidi wá kiri báyìí. Pósítà fíìmù àtijọ́ ni, pàápàá ti àwọn fíìmù tí ọkọ̀ kó ipa pàtàkì nínú wọn. Fún àwọn tó ń tẹ̀wé, tó ń kan férémù tàbí tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Ilo-Awela àti agbègbè Ṣàngó-Ọ̀tà, òwò yìí kò jìnnà sí ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe yóò sọ owó ọjà nù.

Fíìmù ọkọ̀ wà nílé

Kò dìgbà téèyàn bá lọ sí Amẹ́ríkà. Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Adé Love, ṣe fíìmù Taxi Driver lọ́dún 1983, ó sì tún ṣe apá kejì rẹ̀. Lọ́dún 2019, ọmọ rẹ̀, Kúnlé Afọláyan, gbé Mokalik jáde, ìtàn ọmọdékùnrin kan tó lo odindi ọjọ́ kan lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló wà láàárín fíìmù bàbá àti tọmọ. Ẹni tó bá kó pósítà méjèèjì pọ̀ ti ní ìtàn tó lè sọ fún oníbàárà, ìtàn yìí ló sì ń jẹ́ kí ọjà náà ju bébà lásán lọ.

Ohun tó mú kí ti àtijọ́ ṣọ̀wọ́n kò ṣòro láti mọ̀. Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé Aiyé jáde lọ́dún 1979 àti Jáiyésinmi lọ́dún 1980, ńṣe ni wọ́n ń gbé fíìmù àti ẹ̀rọ tó ń gbé e jáde láti ìlú dé ìlú. Pósítà wà láti fi pe èrò wá sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ kan pàtó ni. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, kò sẹ́ni tó tún bìkítà fún un. Àwọn tó fi pamọ́ kò pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìléwọ́, tíkẹ́ẹ̀tì, páálí fídíò àti ìwé ìròyìn Atọ́ka, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1967, tó ń fi fọ́tò sọ ìtàn eré.

Ẹ̀kọ́ láti Ghana

Láàárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn kan ní Ghana ń gbé tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ fídíò àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kiri láti fi fíìmù han aráàlú. Wọn ò ní pósítà tí wọ́n tẹ̀, ni wọ́n bá gbéṣẹ́ fáwọn tó ń kọ pátákó, àwọn yẹn sì ń fi ọ̀dà ya àwòrán sára àpò fúláwà tí wọ́n tú, tí wọ́n sì rán pọ̀. Nígbà tí fídíò di ohun tó wà nílé oníkálukú, iṣẹ́ náà dín kù. Ernie Wolfe, oníṣòwò iṣẹ́ ọnà ní Los Angeles, tó ti ń kó wọn jọ, ló gbé ìwé Extreme Canvas jáde nípa wọn lọ́dún 2000. Gálárì Deadly Prey ní Chicago náà ń gbéṣẹ́ tuntun fáwọn ayàwòrán Ghana. Ohun tí wọ́n kà sí àlòkù nílé ti di ohun ọ̀ṣọ́ lẹ́yìn odi.

Ìwé ẹ̀rí lowó

Lọ́dún 1974, ìdílé kan ní Amẹ́ríkà fi 6,000 dọ́là ra Ford Mustang tí Steve McQueen wà nínú fíìmù Bullitt tọdún 1968. Lọ́dún 1977, McQueen fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí wọn pé òun fẹ́ rà á padà, wọn ò tà á. Wọ́n tọ́jú lẹ́tà náà, wọn ò sì kun ọkọ̀ ọ̀hún di tuntun. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n tà á ní gbàǹjo ní 3.74 mílíọ̀nù dọ́là.

Kì í ṣe gbogbo ọjà ló ń rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ méjì wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹ máa gba rìsíìtì, kí ẹ kọ ọjọ́, ibi tí ẹ ti rà á àti ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Èkejì, ẹ má sọ ohun àtijọ́ di tuntun.

Bí ẹ ṣe lè mọ ojúlówó, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀

Ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo lẹ́tà ara pósítà náà. Bí etí lẹ́tà kò bá mú, tó rí fúlẹ́fúlẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n da á kọ ni. Ẹ wo ìsàlẹ̀ bóyá orúkọ ilé ìtẹ̀wé wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe lámínéètì, nítorí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í ṣeé ṣí mọ́. Ẹ má lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ibi tó ya. Ẹ gbé e jìnnà sí oòrùn, ọ̀rinrin àti ikán.

Ẹ ṣọ́ra fún òfin

Ẹni tó ra pósítà kò ra ẹ̀tọ́ láti tẹ òmíràn. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti ọdún 2022 ní Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ orí àwòrán tí èèyàn yà ń wà di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó yà á. Atẹ̀wé tó bá ń da pósítà onípósítà kọ tà láìgbàṣẹ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà. Kí àwọn èèyàn má gbàgbé Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, tí àwọn ajàlèkùn fíìmù ba Ọ̀run Móoru jẹ́ mọ́ lọ́wọ́, tó sì tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè.

Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ká ní ẹnì kan ra ogún pósítà ní ₦2,000 ẹyọ kan, ₦40,000 nìyẹn. Ó fi ₦30,000 ṣe férémù márùn-ún, ó sì fi ₦10,000 ra náílọ̀nù àti àpótí. Ó ti ná ₦80,000. Bó bá ta márùn-ún tó ní férémù ní ₦14,000 ẹyọ kan, ₦70,000 ló rí. Owó rẹ̀ kò tíì pé, ₦10,000 ṣì kù, èrè rẹ̀ sì wà nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kò tíì tà, tó lè pẹ́ kó tó tà.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi owó èsúsú tàbí owó tó yá ṣe é. Èrè díẹ̀díẹ̀ tó bá ń wọlé látinú iṣẹ́ gan-an ni kí ẹ lò. Ẹni tó ń kan férémù ló tiẹ̀ rọ̀ lọ́rùn jù, torí bí pósítà kò bá tà, férémù rẹ̀ ṣì wúlò fún àwòrán mìíràn.