Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá rí ọ̀dọ́ tó ń rìn kiri òpópónà Otigba, ní Computer Village n'Íkẹjà, tí owó tó fẹ́ fi to kọ̀ǹpútà kò tó nǹkan, síbẹ̀ tó jẹ́ pé fáànù oníná aláràbarà ló kọ́kọ́ ń ná.

N kò bá a wí. Kọ̀ǹpútà tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tò, tó ń tàn yòò nínú gíláàsì lálẹ́, ó ń múnú ẹni dùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ atẹ́gùn ni iṣẹ́ fáànù kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ láṣọ iná. Bí CPU bá gbóná jù, yóò dín ìyára ara rẹ̀ kù kó má baà jóná, géèmù tí ẹ ń ṣe á wá máa fà bí ìgbín.

Nítorí náà, ẹ wo ìtẹ́, ìyẹn àpótí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tó ra eku, ìyẹn fáànù. Fáànù tó wọ́pọ̀ jù fẹ̀ tó mìlímítà 120. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ tín-ín-rín kò lè gba irú rẹ̀, ẹnu wáyà fáànù wọn pàápàá sì lè yàtọ̀ sí ti ọjà. Bí ẹ bá ń ra àpótí tuntun, èyí tí iwájú rẹ̀ rí bí asẹ́ ni kí ẹ mú. Gíláàsì gbagidi níwájú máa ń dá atẹ́gùn dúró, fáànù mẹ́ta tó ń tan iná lẹ́yìn rẹ̀ kò ní rí nǹkan fà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ẹnu wáyà. Fáànù oníná sábà máa ń ní wáyà méjì: ọ̀kan fún yíyí, ọ̀kan fún iná. Ti yíyí kò ṣòro, volt 12 ló ń lò, ó lè ní ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìkẹrin yẹn ni motherboard fi ń pàṣẹ pé kó sáré tàbí kó rọra. Ti iná ló ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí oríṣi méjì ni. RGB ní ihò mẹ́rin, volt 12 ló ń jẹ, àwọ̀ kan náà ni gbogbo gílóòbù rẹ̀ sì máa ń yọ lẹ́ẹ̀kan náà. ARGB ń jẹ volt 5, gílóòbù kọ̀ọ̀kan lè yọ àwọ̀ tirẹ̀, ẹnu wáyà rẹ̀ sì dà bí oníhò mẹ́rin tí wọ́n dí ọ̀kan nínú wọn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ra ARGB. Ẹni tó tà á fún un ní ọ̀kan náà ni méjèèjì. Nígbà tí kò wọlé, ó tì í wọ ojú volt 12 lára motherboard tipátipá. Iná náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú, kò sì tún tàn mọ́ títí dòní. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ọ̀pọ̀ motherboard olówó pọ́ọ́kú ni kò tilẹ̀ ní ojú volt 5 rárá. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ra fáànù aláwọ̀ kan tí iná rẹ̀ ń jẹ láti ara wáyà tó ń yí i, tàbí èyí tó bá àpótí ìdarí tirẹ̀ wá.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri. Ẹ̀gbẹ́ fáànù tí egungun wà ni atẹ́gùn ń gbà jáde. Ẹ fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dán an wò. Méjì níwájú tó ń fa atẹ́gùn wọlé, ọ̀kan lẹ́yìn tó ń lé ooru jáde, ó tó fún olówó kékeré. Lásìkò ọyẹ́, eruku á dí wọn. Bí ẹ bá ń fẹ́ ẹ dànù, ẹ fìka di ìyẹ́ fáànù mú kó má baà yí.

Inú ìkòkò dúdú lẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Fáànù dúdú lásán ló wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi báyìí, kò sì sẹ́ni tó ń rí ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tajà pé: volt mélòó ni iná rẹ̀ ń jẹ? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.