Ẹ̀rín tí ó Ń Kọ́ni ní Ìwé Kíkà

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ tí orí wọn ti funfun pé kí ni ó jẹ́ kí wọ́n lè ka Yorùbá geere láìkọsẹ̀, ó ṣeé ṣe kí Atọ́ka ṣáájú olùkọ́ lẹ́nu àwọn kan. A kò bínú sí i. A mọ̀ pé àwọn mìíràn fi í sábẹ́ ìwé orin kà ní ìsìn òwúrọ̀.

Inú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ni irú ẹ̀fẹ̀ olójú àwòrán bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀. Ní New York, láti 1895, Richard Outcault ń ya ọmọdékùnrin apárí kan tí a ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sára ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ tí ó wọ̀. Ní 1897, Rudolph Dirks mú Hans àti Fritz jáde, àwọn aláìgbọràn méjì tí wọn kò jẹ́ kí ìyá wọn sinmi. Kò sí olùkọ́ tí yóò bèèrè ìtumọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Nílẹ̀ wa, láti 1944, Akinola Lasekan ń fi àwòrán bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba amúnisìn nínú West African Pilot, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé ìròyìn náà. Yorùbá ni Atọ́ka ní tirẹ̀, nígbà tí ó jáde ní 1967. Fọ́tò ni ó ń lò dípò àwòrán. Ẹgbẹ́ eléré alárìnká yóò ṣeré níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán, a ó to àwọn fọ́tò náà tẹ̀ léra, a ó sì kọ ọ̀rọ̀ olúkúlùkù sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀.

Aṣọ àti ìrísí ni a fi ń dá aláwàdà mọ̀. Ẹ rántí Bàbá Sàlá: awò ojú ràgàjì tí kò ní dígí, táì gbẹ̀ǹgbẹ̀, àti aago ńlá tí ó so mọ́ ọrùn ọwọ́. Ẹni tí ó bá rí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò ti rẹ́rìn-ín kí ó tó ka lẹ́tà kan. Ṣùgbọ́n kò lè mọ ohun tí ó sọ àfi bí ó bá kà á. Ibẹ̀ ni agbára Atọ́ka wà: ẹ̀rín ni ó ń fa ojú sí ọ̀rọ̀, ìwé kíkà sì di eré.

Nígbà tí àwọn eléré kó lọ sínú fíìmù àti fídíò, etí gba iṣẹ́ ojú. Lónìí, ọmọ Ìsẹ́yìn lè wo fíìmù Yorùbá mẹ́wàá lórí fóònù, kí ó má sì lè ka ìpínrọ̀ kan tán láìṣe kólòlò. Èyí ń kọ wá lóminú.

Atọ́ka ti kásẹ̀ ńlẹ̀, àmọ́ ẹ̀dà rẹ̀ ṣì lè wà nínú àpótí bàbá tàbí ìyá yín ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi fún ẹlẹ́pà kí ó fi pọ́n ẹ̀pà. Ẹ gbé e wá sí yàrá ìkàwé wa, kódà bí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya.