Ẹ Má Tètè Dá Kòkòrò Lẹ́bi

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n bá gbé ìgbẹ́ ọmọ tó ń ṣu gbuuru wá láti Òkèṣà ní Adó-Èkìtì níbí lọ́la, tẹ́ ẹ sì gbìn ín sórí ágà tí kòkòrò ń jẹ, kòkòrò E. coli á hù. Mo lè fi iyán búra. Àmọ́ ẹ má tíì pariwo pé ọwọ́ tẹ olè. Òun náà ló wà nínú ìfun èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ó wà nínú tiyín, kò sì sẹ́ni tó ń sáré lọ ṣáláńgá nínú wa.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke, tó kàwé ní Ifẹ̀, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn báyìí, ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí ẹ̀yà E. coli kan tó máa ń to ara rẹ̀ léra bíi búlọ́ọ̀kù. Nínú iṣẹ́ tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde lọ́dún 2000 lórí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, wọ́n fi ọmọ tó ń ṣàìsàn wé ọmọ tára rẹ̀ dá. Kòkòrò ọ̀hún wà lára tibí tọ̀hún, agbára wọn ni kò dọ́gba. Ohun tó fi ń lẹ̀ mọ́ ìfun, orí òrùka DNA kékeré kan tó ń jẹ́ plasmid ló wà. Nítorí náà, ẹ má fi orúkọ kòkòrò parí iṣẹ́. Ẹ bi í pé kí ló fi ń jà. Kẹ́ ẹ sì gba ìgbẹ́ ọmọ aládùúgbò tára rẹ̀ le pẹ̀lú.

Àyẹ̀wò Widal tí wọ́n fi ń wá táífọ́ọ̀dù ńkọ́? Láti 1896 ló ti wà. Kò rí kòkòrò rárá. Ohun tí ara fi bá a jà ló ń rí, ìjà náà sì lè jẹ́ ti èṣí. Síbẹ̀, gbogbo ẹni tí orí bá fọ́ ní Adó ló ní “màlárá àti táífọ́ọ̀dù”! Ẹ gbin ẹ̀jẹ̀ kí aláìsàn tó gbé oògùn mì, kẹ́ ẹ sì fà á tó, torí kòkòrò táífọ́ọ̀dù lè má ju ẹyọ kan lọ nínú mílílítà kan.

Kòkòrò tẹ́ ẹ bá sì gbìn, ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Iná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin nígbà kan, kòkòrò tí mo fi ọdún méje kó jọ sì yọ́ dànù nínú fírísà. Ẹ pín tiyín sọ́nà méjì: ọ̀kan ní yunifásítì EKSU, ọ̀kan lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ yín ní Pólì. Ẹ kọ ọjọ́, àdúgbò àti nọ́ńbà sára ìgò. Mo ṣì ní ìgò kan tí mo kọ “ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ” sí. Mi ò mọ ìyá ẹlẹ́kọ wo mọ́.