Bí ajá bá gbé wèrèpè wọlé

Ọ̀rọ̀ ajá àti wèrèpè, tí àwọn mìíràn ń pè ní yèrèpè, la mú wá lónìí.

Ẹ wò ó ná. Ọdẹ ti oko dé, ajá rẹ̀ ti sáré ṣíwájú wọlé. Ọmọ kékeré dì mọ́ ajá lọ́rùn. Kò pẹ́, ọmọ bú sẹ́kún, ó ń họra, ó sì ń fi ọwọ́ kan náà nu ojú. Àwọn ará ilé ní ayé ló ṣe é. Rárá o! Wèrèpè ara ajá ni.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ ìtàkùn yìí. Irun wẹ́wẹ́ tó pupa rúsúrúsú ló bo èso rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí èso bá gbẹ, irun náà á máa fò nínú afẹ́fẹ́, á sì lẹ̀ mọ́ ohun tó bá kọjá. Ó ń gún awọ bí abẹ́rẹ́, ohun tó wà lára rẹ̀ ló ń mú kó yún wa. Bí ẹ bá ṣe ń họ ọ́ lẹ ṣe ń tì í wọlé sí i.

Irun ajá ń gbà á sílẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú, imú, ẹnu àti abẹ́ ikùn rẹ̀ ni ìyà wà. Ẹ ó rí i tó ń fi ẹsẹ̀ gbo ojú, tó ń fi imú nulẹ̀, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀.

Kí lẹ ó ṣe?

1. Ẹ so ó mọ́ ìta. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn.
2. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́.
3. Ẹ da omi púpọ̀ sí i lára láti ọrùn lọ sí ìrù. Ẹ má gbo ó. Ẹ da omi ọṣẹ tẹ̀ lé e, kí ẹ tún fi omi lásán ṣàn án.
4. Omi tó mọ́ nìkan ni kí ẹ rọra dà sí ojú rẹ̀. Bí ojú bá ṣì pupa tàbí tí kò là, ẹ pe dókítà ẹran.
5. Ẹ fọ okùn ajá àti aṣọ yín lọ́tọ̀.

Ẹ má fi epo àtùpà tàbí èsáǹsì pa á lára o! Ó ń bó awọ, ajá á sì lá a mì.

Bó bá kan èèyàn, ẹ má họra. Ẹ fi rọ́bà tó ń lẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń lẹ páálí, tẹ ibẹ̀ kí ẹ sì ṣí i kúrò, irun á bá a jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi sí i. Bó bá wọ ojú, ẹ da omi tó mọ́ sí i fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

Ẹ ṣọ́ra o: ajá tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò wọ igbó, tí ìwà rẹ̀ sì yí padà, ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Bó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ẹ jíròrò: ọ̀nà oko wo ni wèrèpè pọ̀ sí lọ́dọ̀ yín? Ta ni yóò máa fọ ajá kó tó wọlé?

Ó dìgbà o.