Àlébù Tí Ó Pamọ́ Nínú Ọkọ̀ Àlòkù

Gbogbo ọpẹ́ àti ẹyìn ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó ṣe òwò ní ẹ̀tọ́ fún wa, tí Ó sì ka èlé àti ìrẹ́jẹ léèwọ̀. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipa wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ Àlìkíyámọ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo sọ ọ́ fún ara mi, mo sì sọ ọ́ fún yín, pé kí a páyà Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò ní Jímọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Nínú àwọn ẹjọ́ tí wọ́n ń gbé wá sí mọ́sálásí fún ìlàjà, bí a bá yọ ti tọkọtaya àti ti ogún kúrò, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nísinsìnyí ni ti ọkọ̀ àlòkù. Mùsùlùmí ta ọkọ̀ fún Mùsùlùmí, oṣù kan kò tíì pé, ọkọ̀ kọṣẹ́, àwọn méjèèjì kò sì dúró ní sọ́fù kan náà mọ́. Ìdí nìyí tí Lẹ́mọ́mù wa Àgbà fi ní kí èmi Náíbì ṣe àlàyé ohun tí ẹ̀sìn wí.

Ọkọ̀ kì í ṣe iṣu tí a lè fi èékánná ha ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Abẹ́ nǹkan mìíràn ni èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lára rẹ̀ wà. Ẹ wo àwọn ọkọ̀ tí omi mù nígbà ìjì Katrina ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005, àti nígbà ìjì Harvey lọ́dún 2017. Bí omi bá ba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́, ilé-iṣẹ́ adójútòfò a san owó fún ẹni tí ó ni ín, wọn a sì tà á ní gbàǹjo. Wọn a kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ náà ní ọ̀hún pé ó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá gba Kùtọnu tàbí Apápá wọlé, ìwé yẹn kì í sábà bá a dé ọ̀dọ̀ wa. Wọn a fọ àga, wọn a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun, wọn a fín lọ́fínńdà sí i. Wáyà tí ó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì a máa jẹrà díẹ̀díẹ̀. Ti ọkọ̀ tí ó ti ní ìjàǹbá náà kò yàtọ̀. Páńẹ́lì bítà a fi pọ́tì dí i, a kùn ún lọ́dà, wọn a sì yọ gílóòbù iná tí ì bá sọ fún awakọ̀ pé àpò atẹ́gùn ọkọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn kan a dá òǹkà ìrìn ọkọ̀ padà sẹ́yìn. Àwọn mìíràn a da ọ́ìlì tí ó ki gan-an sínú ẹ́ńjìnì kí ariwo rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ títí tí owó yóò fi kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ rà á.

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé títún ọkọ̀ ṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ tí ó fọ́, tí ó tún un ṣe dáadáa, tí ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ rà á, hàláàlì ni èrè rẹ̀.

Abu Hurayra gbà á wá, ó sì wà nínú ìwé Muslim, pé Ànábì kọjá lẹ́bàá òkìtì oúnjẹ kan ní ọjà, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì bá ọ̀rinrin. Ó bi ẹni tí ó ni ín léèrè. Ọkùnrin náà dáhùn pé òjò ni ó pa á. Ànábì bi í ní ìdí tí kò fi gbé apá tí ó tutù wá sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì fi yé wọn pé ẹni tí ó bá ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara òun. Ẹ fi ọkàn sí i dáadáa. Ọkùnrin náà kò purọ́, òjò ni lóòótọ́. Ànábì kò bá a jiyàn lórí òjò, kò sì dá a lẹ́bi pé oúnjẹ rẹ̀ tutù. Ibi tí ó gbé ìtutù náà sí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà. Bí ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọkọ̀ bá ń sọ pé kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ rì í sínú omi, pé bí ẹ ṣe rà á nìyẹn, ìdáhùn yín ti wà nínú hàdíìsì yìí láti ìgbà Mẹ̀dínà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹran tí wọ́n fi wàrà sílẹ̀ lọ́mú rẹ̀ láìfún un fún ọjọ́ mélòó kan, kí ọmú rẹ̀ lè kún lójú ẹni tí ó fẹ́ rà á. Ànábì fún ẹni tí ó rà á ní ẹ̀tọ́ láti mú un mọ́ra tàbí kí ó dá a padà pẹ̀lú òṣùwọ̀n dàbínù kan. Mo rò pé bí wọ́n bá ní òǹkà ìrìn ọkọ̀ nígbà náà, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ì bá wà.

Àwọn kan a máa sọ pé, "Alùfáà, kèfèrí ni mo tà á fún." Ìrẹ́jẹ kò di hàláàlì nítorí ẹ̀sìn ẹni tí a rẹ́ jẹ. Kì í ṣe Mùsùlùmí nìkan ni Ànábì ní kí a má rẹ́ jẹ, àwọn onímímọ̀ sì ti ṣàlàyé èyí tipẹ́tipẹ́.

Mo fẹ́ mẹ́nu ba ẹjọ́ kan tí a parí láìpẹ́ yìí. Mo ti gba ìyọ̀ǹda àwọn méjèèjì kí n tó sọ ọ́, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìyá kan, opó, yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi ra bọ́ọ̀sì akérò kí ọmọ rẹ̀ lè máa wà á. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Nígbà tí wọ́n tú u, wọ́n rí i pé orí ẹ́ńjìnì ti là rí, wọ́n jó o pọ̀, wọ́n sì da èròjà adíhò sínú omi rẹ̀. Ẹni tí ó tà á mú ìwé ìsanwó jáde. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ọkọ̀ ṣe wà ni a tà á, owó tí a bá sì ti san kò ṣeé gbà padà. Ó ní, "Ẹ̀yin Ìyá, ẹ mú mẹkáníìkì yín wá, ó wò ó, ẹ sì fọwọ́ síwèé." Ìyá náà ní, "Alùfáà, òótọ́ ni mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi í bóyá ó mọ̀."

Ìbéèrè tí ìyá yẹn béèrè, òun gan-an ni Kálífà Uthman ọmọ Affan béèrè. Imam Mālik gbé ìtàn náà sínú Muwatta. Abdullah ọmọ Umar, sàábé tí gbogbo wa mọ ìpayà Ọlọ́hun rẹ̀, ta ẹrú kan ní 800 dírhámù, ó sì fi ṣe àdéhùn pé òun kò dúró fún àlébù kankan. Ẹni tí ó rà á rí àìsàn lára ẹrú náà, wọ́n sì gbé ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ Uthman. Abdullah tẹnu mọ́ àdéhùn rẹ̀. Uthman kò fi àdéhùn yẹn parí ẹjọ́. Ó ní kí Abdullah búra pé nígbà tí òun tà á, òun kò mọ̀ pé àìsàn kan wà lára rẹ̀. Abdullah kọ̀, kò búra. Wọ́n dá ẹrú padà fún un, ẹrú náà gbádùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tún un tà lẹ́yìn náà ní 1500 dírhámù. A kò gbọdọ̀ fi èyí rò ó pé èké ni ọmọ Umar. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù àti fi orúkọ Ọlọ́hun búra lórí nǹkan ayé ni. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà dúró: ọ̀rọ̀ tí a kọ sínú ìwé kò lè bo ìmọ̀ tí ó wà nínú ọkàn mọ́lẹ̀. Ní ojú ọ̀nà Imam Mālik, tí àwa ní ilẹ̀ Yorùbá ń tọ̀, ẹni tí ó mọ àlébù tí kò sọ ọ́, yíyọ ara rẹ̀ nínú ẹ̀bi lórí ìwé kò ṣe é láǹfààní.

Nítorí náà a bi ọkùnrin yẹn bóyá yóò búra. A kò fi ipá mú un, a kò sì gbé Àlùkùránì dẹ́rù bà á. Ó dákẹ́ títí wọ́n fi pe ìrun Alásàrí. Lẹ́yìn ìrun, ó ní òun yóò gba ọkọ̀ òun padà.

Ibẹ̀ ni ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìlàjà ti ń túká. Ó ní kí a yọ owó èrò tí bọ́ọ̀sì pa fún ọjọ́ mẹ́jọ àkọ́kọ́ kúrò nínú owó ìyá náà. A sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àíṣà gbà á wá pé irú ẹjọ́ yìí dé iwájú Ànábì: ọkùnrin kan ra ẹrú, ó lò ó, ó rí àlébù, ó dá a padà, ẹni tí ó tà á sì ń béèrè owó iṣẹ́ tí ẹrú náà ṣe. Ànábì dájọ́ pé ẹni tí òfò ì bá já lé lórí ni ó ni èrè. Bí bọ́ọ̀sì yẹn bá jóná lọ́jọ́ kẹrin, ìyá náà ni ì bá fara gbá a, nítorí náà òun ni ó ni owó èrò. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ti fọ́ iná ẹ̀yìn ọkọ̀ ní gáréèjì. Àlébù tuntun nìyẹn, ọwọ́ wọn ni ó ti ṣẹlẹ̀, a sì yọ owó rẹ̀ kúrò. Ọkùnrin náà kò ní gbogbo owó náà lọ́wọ́, a sì pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Ó ti san méjì.

Ẹni tí ó rí àlébù tuntun lára ọjà tí ó ní àlébù àtijọ́ lè yan ọ̀nà mìíràn ní ojú ọ̀nà Mālik: kí ó mú ọjà náà mọ́ra, kí wọ́n sì dá owó àlébù àtijọ́ padà fún un. Báyìí ni a ṣe ń ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá tọ́ sí mílíọ̀nù 5 náírà nígbà tí kò ní àlébù, tí ó sì tọ́ sí mílíọ̀nù 4 pẹ̀lú àlébù náà, ìdá kan nínú márùn-ún ni àlébù mú lọ. Bí ó bá jẹ́ mílíọ̀nù 4 àti ààbọ̀ ni ó rà á, 900,000 náírà ni yóò gbà padà.

Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ni yóò sọ bóyá àlébù ti wà kí a tó ta ọkọ̀. Lẹ́mọ́mù kò mọ inú ẹ́ńjìnì. Àwọn onímímọ̀ ojú ọ̀nà Mālik tilẹ̀ gbà pé bí a kò bá rí Mùsùlùmí tí ó mọ̀ ọ́n, a lè gba ọ̀rọ̀ ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí nínú irú èyí. Ẹ̀yin mẹkáníìkì àti rìwáyà tí ẹ wà láàárín wa, ẹlẹ́rìí ni yín. Ìròyìn tí ó ń dé etí wa kò dára: pé ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ a mú mẹkáníìkì lọ, ẹni tí ó ń tà á a sì fa mẹkáníìkì náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, a fún un ní nǹkan kí ó lè ní ọkọ̀ náà dára. Rìbá nìyẹn, Ànábì sì ṣẹ́bi lé ẹni tí ó fún ni àti ẹni tí ó gbà á.

Ẹni tí ó rà á náà ní ojúṣe tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé jíà ọkọ̀ yìí ń fò, tí ó sì rà á ní owó pọ́ọ́kú, kò ní ẹjọ́ lórí jíà. Ẹni tí ó rí àlébù tí kò sọ̀rọ̀, tí ó ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ lọ fún oṣù méjì, ó ti fi hàn pé ó tẹ́ òun lọ́rùn. Ẹni tí kò pààrọ̀ ọ́ìlì títí ẹ́ńjìnì fi kú, kí ó má pe àìbìkítà rẹ̀ ní àlébù tí ó pamọ́. Kí a sì rántí Jarir ọmọ Abdullah, tí ó bá Ànábì ṣe àdéhùn pé òun yóò máa ṣe dáadáa sí gbogbo Mùsùlùmí. Imam an-Nawawi mẹ́nu bà á pé wọ́n bá a ra ẹṣin ní 300 dírhámù, òun fúnra rẹ̀ sì ń fi owó lé e títí ó fi di 800, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí ó tà á kò mọ iye tí ẹṣin rẹ̀ tọ́ sí. Mélòó nínú àwa tí a ń ra ọjà ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Kí o tó sanwó, fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé ìparí rẹ̀. Bí omi bá ti mu ọkọ̀ náà rí, ìlà ẹrẹ̀ lè wà níbẹ̀. Gbé táyà àpaàrọ̀ kúrò, kí o wo ìpẹtà abẹ́ rẹ̀. Ní kí ọmọ rẹ tí ó mọ íntánẹ́ẹ̀tì fi nọ́ńbà ṣáásí, tí ó jẹ́ lẹ́tà àti òǹkà 17, wá ìtàn ọkọ̀ náà ní Amẹ́ríkà bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ó ti wá. Wa ọkọ̀ náà títí yóò fi gbóná, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fi ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún tàn ọ́.

Ìjọba àpapọ̀ náà ní òfin ọdún 2018 tí ó dáàbò bo oníbàárà, ẹni tí ó bá gba ọ̀nà ibẹ̀ wá ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlàjà ni kí a kọ́kọ́ wá. Ìgbìmọ̀ ìlàjà ń jókòó lọ́jọ́ Àlàádì lẹ́yìn ìrun Alásàrí. Kí àwọn méjèèjì wá pọ̀, kí wọ́n mú ìwé ìsanwó àti nọ́ńbà ṣáásí dání, kí ẹnikẹ́ni má sì tú ẹ́ńjìnì kí ẹni tí ó tà á tó rán mẹkáníìkì tirẹ̀ wá wò ó.